Ta Ni Yóò Kà Á? Àyẹ̀wò Lílo Búlọ́ọ̀gì àti Wíkì Nínú Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní wíkì, òwe yìí ni n ó fi dá a lóhùn. Wíkì ni ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kọ. Ẹnì kan lè ṣàtúnṣe ohun tí ẹlòmíràn kọ, ojú ìwé náà kò sì ní gbàgbé ẹni tó fọwọ́ kan ibì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Búlọ́ọ̀gì yàtọ̀ sí i díẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ín. Ẹni náà ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ síbẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́, ohun tó kọ kẹ́yìn ni òǹkàwé ń kọ́kọ́ rí, òǹkàwé sì lè fèsì sí abẹ́ rẹ̀.

Méjèèjì kì í ṣe nǹkan tuntun mọ́. Ọdún 1995 ni Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, gbé wíkì àkọ́kọ́ jáde. Inú èdè àwọn ará Hawaii ló ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "kíákíá". Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni búlọ́ọ̀gì náà gbòde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ti wá ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí olùkọ́ bá fi méjèèjì kún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní jókòó bí ère mọ́, yóò máa kópa. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Lójú tèmi, ó kù síbì kan. Kì í ṣe búlọ́ọ̀gì tàbí wíkì ló ń mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé. Ohun tó ń mú un kọ ni ìdánilójú pé ẹnì kan wà tí yóò kà á, tí yóò sì dá a lóhùn.

Apá àríwá Èkìtì ni mò ń gbé, níbi tí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó wà. Ẹ̀rọ kò ṣàjèjì sí wa. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní òmíràn ní Ìkọ̀lé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ní 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó jẹ́ ọmọ Ìsàn-Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020, àti nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sá di ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi náà forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ àwọn tó gbé e kalẹ̀, nítorí kì í ṣe wọn ni mo fẹ́ bá jà. Òfin wọn ni pé kí kálukú kọ ọ̀rọ̀ kan sí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó fèsì sí ti akẹ́kọ̀ọ́ méjì mìíràn, kí àwa mẹ́fà mẹ́fà sì jọ kọ ojú ìwé wíkì kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo wa kọ̀wé bí ẹni ń gẹṣin nínú ìran. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹrin, èsì ti di "Ó dára, ẹ kú iṣẹ́." Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbèdéke kù dẹ̀dẹ̀, ni iṣẹ́ gbogbo wa ń ya wọlé. Nínú ẹgbẹ́ wíkì wa, ẹni méjì péré ló ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́fà. Olùkọ́ kò sọ ohunkóhun títí ẹ̀kọ́ fi parí, àfi máàkì tó fún wa. A kópa lóòótọ́ bí ènìyàn bá ka iye ìgbà tí a kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ka ohun tí a kọ, yóò rí i pé a kàn ń san owó orí ni.

Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan wà tí nǹkan yàtọ̀. Wọ́n ní kí kálukú ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kan nílé rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ọmọbìnrin kan láti ìtòsí Ìdó kọ nípa bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń ṣe ẹ̀lùbọ́: wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí omi náà hó. Kò mọ ìdáhùn. Ó lọ bá màmá, ó sì padà wá sọ pé màmá ní bí omi bá hó, iṣu á jinná, kò sì ní ṣe é lọ̀ bó ti yẹ mọ́. Ẹlòmíràn tún béèrè ìdí tí àmàlà fi máa ń dúdú bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé iṣu funfun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ oúnjẹ dá sí i, ó ṣàlàyé pé àwọn èròjà kan wà nínú iṣu tó ń yí àwọ̀ padà bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí wọn lẹ́yìn bíbẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń bá a lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí gbèdéke ti kọjá, kò sì sí máàkì kankan níbẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Búlọ́ọ̀gì kan náà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni. Dátà kò dínwó lọ́sẹ̀ náà. Ohun tó yí padà ni pé òǹkọ̀wé ní ohun kan tí òǹkàwé kò ní, òǹkàwé sì fẹ́ mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Bí olùkọ́ bá ní kí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun kan náà láti inú ìwé kan náà, kí ni ẹnì kan fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì?

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lèyí, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Láti 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ tó ń jẹ́ Akéde Èkó. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá ló dà bí ẹni pé ó kọ wọ́n. Ó ń ròyìn ayé tó ti jẹ sẹ́yìn àti àìsàn tó dá a dúbúlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn náà ń jáde, kò jáde tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n ń káàánú rẹ̀, olóòtú sì ń tẹ lẹ́tà àwọn náà jáde. Ọwọ́ Thomas fúnra rẹ̀ ni ìtàn náà ti wá, ó sì di ìwé ní 1930. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Bí mo bá ní Akéde Èkó ṣe iṣẹ́ búlọ́ọ̀gì kí a tó bí ẹni tó sọ búlọ́ọ̀gì lórúkọ, n kò purọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé wà, òǹkàwé wà, èsì sì ń lọ, ó ń bọ̀.

Ní ti wíkì, àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni Wikipéédíà èdè Yorùbá. Wikipéédíà ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ti Yorùbá tẹ̀ lé e láìpẹ́, ó sì ti ní ojú ìwé tó lé ní 30,000 báyìí. Iṣẹ́ ọlọ́pọ̀ ọwọ́ ni, àwọn tó ń ṣe é kò gba owó oṣù, ó sì yẹ kí a kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dáadáa yóò rí àbùkù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ojú ìwé ibẹ̀ kò ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta kéékèèké tó ń yí oòrùn ká, tí ojú lásán kò lè rí, ló ní ojú ìwé tirẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń wá òkúta wọ̀nyẹn lédè Yorùbá? Ọmọ Ìkọ̀lé tó fẹ́ mọ ìtàn ìlú rẹ̀ ńkọ́, ta ló kọ tirẹ̀? Ìwé tí a kọ láìro òǹkàwé ni ó ń dà bẹ́ẹ̀: ó pọ̀ níye, kò ní adùn.

Ibí yìí ni mo ti rí iṣẹ́ gidi fún akẹ́kọ̀ọ́ àríwá Èkìtì. Bí a kò bá kọ nípa ìlú wa, ẹlòmíràn yóò kọ ọ́, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí sì ni. Ohun tó bá kọ ni àwọn ọmọ wa yóò máa dà kọ. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè wa dání lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Òfin Wikipéédíà ni pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí nínú ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ẹnu bàbá àgbà nìkan kò tó fún wọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ní wíkì tirẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi àwọn àgbà léèrè, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bi wọ́n àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n jọ jiyàn bí ẹnu kò bá kò. Èyí tó bá ní ẹ̀rí nínú ìwé nìkan ni kí wọ́n gbé lọ sí Wikipéédíà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀: kí ọmọdé mọ ohun tó gbọ́, ohun tó kà, àti ohun tó kàn rò.

Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ ọmọ ló ń ba iṣẹ́ ẹgbẹ́ jẹ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ti yanjú ìyẹn nínú àáró. Bí àgbẹ̀ márùn-ún bá ń ṣe àáró, oko oníkálukú ni wọ́n ń yí kàn, gbogbo wọn sì ń rí ibi tí ọkọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan dé. Ẹni tó bá sá nínú oko ẹlòmíràn mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ ní tòun. Wíkì ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìtàn àtúnṣe tó wà lẹ́yìn ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹni tó kọ, ohun tó kọ àti wákàtí tó kọ ọ́. Olùkọ́ tó bá fi máàkì fún ojú ìwé tó parí nìkan, láìwo ìtàn yìí, òun ló fún ọ̀lẹ láyè.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Dátà wọ́n, iná kì í dúró, fóònù kan ni gbogbo ilé sì ń lò nígbà mìíràn. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí olùkọ́ má béèrè ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Kí ọmọ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ, kí ó tún un kọ, kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kiwix sì wà, ètò kan tí a lè fi gba Wikipéédíà sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo kíláàsì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti ààbò, kí ọmọdé má lo orúkọ àbísọ rẹ̀ níta gbangba, kí ó má fi àwòrán tàbí àdírẹ́sì ilé síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ẹ má ka iye èsì tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ. Ẹ kọ èsì tiyín ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ sì béèrè ohun tí ẹ̀yin gan-an kò mọ̀. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí ọmọ Ọ̀yẹ́ yóò fi ní ohun tí ọmọ Ìdó kò ní. Bí ẹ kò bá ní àyè láti ka ìwé ogójì ọmọ, ẹ má ní kí ogójì ọmọ kọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú "ó dára, ẹ kú iṣẹ́." Bí o bá ka ìwé ẹnìkejì rẹ, bi í ní ìbéèrè kan tí yóò mú kó tún lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá fèsì sí, bí a bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ọgọ́rùn-ún, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú oko.