Ìpele Ìṣòro gẹ́gẹ́ bí Ara Ìtàn: Àyẹ̀wò Eré Káàdì Orí Kọ̀ǹpútà

Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ yọjú sí ẹni tí ó fẹ́ ṣe é: ṣé ìrọ̀rùn ni o fẹ́, àbí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àbí ìnira? Àwọn aṣelámèyítọ́ kì í sábà ka ìbéèrè yìí sí ara iṣẹ́ ọnà. Ohun èlò lásán ni wọ́n kà á sí, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí bọ́tìnnì rédíò kí ohùn lè mọ níwọ̀n. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ara ìtàn gan-an ni ìpele ìṣòro jẹ́, àti pé aṣelámèyítọ́ tí kò bá sọ ìpele tí ó yàn kò tíì sọ ìtàn tí ó kà fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìṣòro nínú eré kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 ni ó wà, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. A kò lè pàṣẹ fún ọpọ́n pé kí ó rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹni tí ó jókòó síwájú ẹni ni ìṣòro. Abájọ tí ẹni tí ó bá dé ibi ayò fi ń kí ọ̀ta, tí ó sì ń kí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọ̀ta ni í dáhùn, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ti Whot yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ni ó ṣe é ní 1935, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní Ẹgàn ní Alímòṣọ́, bí i ti ibi gbogbo tí a ti ń ta á, àríyànjiyàn máa ń wáyé kí a tó pín káàdì: ṣé a lè fi 2 dí 2? Ṣé ẹni tí a fi 5 lù yóò mú káàdì mẹ́ta? Ṣé a lè fi 20 parí eré? Yíyan ìpele ìṣòro ni àríyànjiyàn yìí. Gbangba ni a ti ń ṣe é, ẹnu gbogbo ènìyàn ni ó sì ń kò lé e lórí. Ohun tí kọ̀ǹpútà yí padà ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń dá ìpinnu náà ṣe báyìí, kò sì sí ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Thronebreaker: The Witcher Tales, tí ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ti orílẹ̀-èdè Poland gbé jáde ní 2018. Ìtàn Meve ni, ọbabìnrin Lyria àti Rivia, ẹni tí ogun Nilfgaard lé kúrò lórí oyè, tí ó wá ń kó ọmọ ogun jọ láti ìlú dé ìlú. Káàdì ni a fi ń ja gbogbo ogun inú rẹ̀. Ìpele mẹ́ta ni ó wà, èyí tí ó rọrùn jù sì fún ènìyàn láyè láti fo ogun kọjá pátápátá. Lójú kìn-ín-ní, ìfòkọjá yìí jọ egbé inú ìtàn àwọn ọdẹ wa, tí í gbé ọdẹ kúrò lẹ́nu ewu. Ṣùgbọ́n egbé inú ìtàn kì í mú kí olùgbọ́ má rí ewu náà. A ó ti gbọ́ bí ewu ṣe rí kí egbé tó ṣiṣẹ́. Ìfòkọjá inú eré yìí ń gbé ọdẹ lọ, ó sì ń gbé ewu lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ó sọnù níbẹ̀ kì í ṣe ogo ìṣẹ́gun. Nínú Thronebreaker, káàdì ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n ń tẹ̀ lé Meve jẹ́. Bí ìpinnu ọbabìnrin bá bí ọ̀kan nínú wọn nínú débi pé ó kọ̀yìn sí i, káàdì rẹ̀ náà yóò kúrò lọ́wọ́ òṣèré. Bí ogun mìíràn bá wá dé, àyè ẹni tí ó lọ yóò hàn, nítorí pé iṣẹ́ tí káàdì rẹ̀ ń ṣe kò sí ẹni tí yóò ṣe é mọ́. Ọ̀nà tí onítàn fi ń sọ̀rọ̀ àbámọ̀ nìyí. Fún ẹni tí ó ń fo ogun, ẹni tí ó kọ̀yìn kàn lọ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìlọ rẹ̀, kò sí ohun tí ó dùn ún. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìpele ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù: ogun ibẹ̀ ń béèrè ìrònú, ṣùgbọ́n kò le débi pé òṣèré yóò gbàgbé ìtàn tì sẹ́yìn.

Èyí kò sọ ìnira di ìwọ̀n ìjìnlẹ̀ fún gbogbo eré. Slay the Spire, tí ilé-iṣẹ́ Mega Crit parí ní 2019, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ìpele níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá borí ni ìpele tí ó le sí i ń ṣí sílẹ̀ fún, títí dé 20. Níbẹ̀, ogun ni ìtàn fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kò ku nǹkan kan. Ti Thronebreaker kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti ìpinnu ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ aṣelámèyítọ́ kì í ṣe “ìpele wo ni ti akọni?” bí kò ṣe “kí ni ogun ń sọ nínú ìtàn yìí?”

Ẹni tí ó bá yan ìrọ̀rùn kò sì yẹ fún ẹ̀gàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní Ẹgàn, tí ó ń fi fóònù ṣe eré nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé e lọ sí LASU ní Òjó, tí ó ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ nítorí iná mànàmáná, ti wà nínú ìpele ìṣòro kan tí kò sí nínú àkójọ àṣàyàn eré náà. Thronebreaker kò sí ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ bí ìwé ìtàn àròsọ. Ìṣòro èdè yìí kò ní ìpele ìrọ̀rùn tí ènìyàn lè yàn. Àwọn tí ó ṣe eré náà ro òṣèré tí káàdì yóò ni lára. Wọn kò ro òǹkàwé tí èdè yóò ni lára.

Àbá wa kò ju ọ̀kan lọ. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń béèrè ẹ̀dà ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ lò nígbà tí ó ń ṣe àtúpalẹ̀ ìtàn àròsọ, ó yẹ kí a máa béèrè ìpele ìṣòro nígbà tí ó bá ń kọ nípa eré orí kọ̀ǹpútà, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi yàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè ṣe eré kan náà, kí ọ̀kan sọ pé Meve jẹ́ ọbabìnrin tí ìpinnu rẹ̀ ń ná an ní ènìyàn, kí èkejì sọ pé kò sí ohun tí ìpinnu rẹ̀ ná an. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́. Bí a kò bá mọ ìpele tí oníkálukú yàn, a ó dá wọn lẹ́jọ́ lórí ìtàn méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan.