Ìbẹ̀rù tàbí Ìbínú: Èdè àti Ìgbèjà Ara Ẹni Nílé Ẹjọ́

Òfin Ọ̀daràn Nàìjíríà ya ìgbèjà ara ẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ìmúnibínú. Ní abala 286, ẹni tí wọ́n kọlù láìṣẹ̀, tí ó sì ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti yọ nínú ewu ikú, kò jẹ̀bi bí ó tilẹ̀ pa akọluni náà. Ní abala 318, ẹni tí ìbínú òjijì mú kí ó pànìyàn ṣì jẹ̀bi, bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ ju ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn lọ.

Èdè ni ààlà àárín méjèèjì. Bí aládàá bá ká oníṣòwò Yorùbá kan mọ́ Airport Road ní Warri, tí onítọ̀hún sì wí fún ọlọ́pàá pé, ‘Ara mi ń gbọ̀n, n kò mọ ìgbà tí mo fi igi gbá a,’ ìbẹ̀rù ikú ló ń ròyìn. Bí wọ́n bá tú u ní ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, yóò dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ìbínú bò lójú.

Lóòótọ́, abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fún olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́ ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́jọ́ ni ó dárúkọ. Àṣìtúmọ̀ sì lè ti wọ àkọsílẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ṣáájú. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lédè ẹni tó sọ ọ́ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, kí adájọ́ lè mọ ohun tí ó wí gan-an.