Ta Ni Ó Ga Jù? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Àtẹ Ipò Yunifásítì, láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìbàdàn

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àtẹ ipò yunifásítì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó ní olùsọ, tí ó ní olùgbọ́, tí ó sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ojú tí lámèyítọ́ fi ń wo oríkì ni iṣẹ́ náà fi wò ó. Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ifẹ̀ (tí orúkọ rẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní 1987) ni gbòógì àpẹẹrẹ tí ó lò. Ó fi hàn pé àléébù àtẹ kò sí nínú ohun tí ó kà bí kò ṣe nínú ohun tí kò kà: ìkọ́ni, iṣẹ́ tí a fi èdè Yorùbá ṣe, àti àǹfààní tí ará ìlú rí. Ó dábàá pé kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ka àtẹ kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

1.0 Ìfáàrà
Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lára àwọn àdúgbò tí ó pẹ́ jù ní Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fi Ìbàdàn ṣe ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829, apá ibẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí, ìdí nìyí tí àdúgbò náà fi ń jẹ́ orúkọ yìí. Láti ibẹ̀ dé Yunifásítì Ìbàdàn kò gba ọkọ̀ ní àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni lójú òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò JAMB. Bí èsì bá ti jáde, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀ nínú agboolé. Ẹnì kan a ní Ìbàdàn ni àkọ́kọ́, òun náà ni ó sì dára jù. Ẹlòmíràn a ní kò sí èyí tí ó tó Ifẹ̀. Ẹni kẹta a yọ fóònù jáde, a ní àtẹ ọdún yìí ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ parí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kì í sí nínú àríyànjiyàn yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ibi tí ọmọ yóò yà sí bí yunifásítì bá kọ̀ ọ́ ni wọ́n kà á sí. Ìlànà ìgbanisílé-ẹ̀kọ́ pàápàá ti èrò náà lẹ́yìn: ní ọdún 2023, máàkì 140 ni ó kéré jù fún yunifásítì, 100 sì ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìwé kíkà, kí ó tó di ẹni tí yunifásítì kankan lè gbà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ipò yunifásítì kì í ṣe ọ̀rọ̀ yunifásítì nìkan.

2.0 Oríkì àti Àtẹ
Oríkì kì í to ènìyàn ní ipò. Ohun tí ó yà ẹni tí a ń kì sọ́tọ̀ ni ó ń sọ. Oríkì ìdílé méjì lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ọ̀kan rẹ ìkejì sílẹ̀. Irú oríkì bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbólóhùn ìwúrí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ wọn ga. Bí ọmọ Ìbàdàn bá ní ilé-ẹ̀kọ́ òun ni àkọ́kọ́, tí ọmọ Ifẹ̀ náà sì ń kókìkí ‘Great Ifẹ̀’, olùgbọ́ mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ pé ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Àtẹ ipò yàtọ̀. Ó wọ ẹ̀wù ìṣirò, nítorí náà olùgbọ́ kì í béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí àtẹ tó dé ni àwọn ará òkèèrè ti ń wọn Yunifásítì Ìbàdàn. Abẹ́ Yunifásítì London ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìwé ẹ̀rí London ni ó sì ń fúnni títí ó fi dá dúró ní 1962. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ láti Yábàá, àti pé 49 nínú wọn ni ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àti ilẹ̀ wíwọ̀n. Èyí já sí pé àwọn olùkọ́ṣẹ́-olùkọ́ wà níbi ìsọmọlórúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń fi òkìkí rẹ̀ fojú kéré iṣẹ́ olùkọ́ lónìí.

3.0 Òṣùwọ̀n àti Àwọn Tí Ń Wọ̀n
Àtẹ Shanghai, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 2003, ní ìdí pàtó: àwọn ará Ṣáínà fẹ́ mọ bí yunifásítì tiwọn ṣe jìnnà tó sí àwọn tí ó lókìkí jù lágbàáyé. Ìdá 20 nínú 100 òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ètò ọrọ̀-ajé, tàbí àmì-ẹ̀yẹ Fields nínú ìṣirò. Lítíréṣọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdá 10 mìíràn jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́jáde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ìwé ẹ̀rí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan ni wọ́n ń kà. Wọlé Ṣóyínká kàwé ní Ìbàdàn láti 1952 sí 1954 kí ó tó lọ gba oyè ní Leeds. Ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú lítíréṣọ̀ ní 1986. Lójú òṣùwọ̀n yìí, orúkọ tí ó tóbi jù nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì kò fi ẹyọ máàkì kan kún ti èyíkéyìí nínú wọn.

Àtẹ Times Higher Education ni àwọn ará Nàìjíríà ń tọ́ka sí jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí dé àtẹ 2023, ìdá 33 nínú 100 rẹ̀ ni ó ti inú ìwádìí òkìkí wá: wọ́n ń bi àwọn onímọ̀ léèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó dára jù lójú wọn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé òkìkí ni wọ́n fi ń wọn òkìkí. Ìdá 30 mìíràn jẹ́ ti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú àwọn jọ́nà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gbilẹ̀. Ní 2010, Yunifásítì Alexandria ní Íjíbítì gba ipò 147 lágbàáyé, ó sì ṣe ìkẹrin nínú ọ̀ràn ìtọ́kasí. Àṣírí rẹ̀ kò pẹ́ tú: iṣẹ́ onímọ̀ kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde nínú jọ́nà kan ṣoṣo, ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Irú ìgbòkègbodò bẹ́ẹ̀ wà nílé. Nínú àtẹ 2020, Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ni ó ṣíwájú Ìbàdàn. Nínú àtẹ 2021, Ìbàdàn padà síwájú, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe ìkejì ní Nàìjíríà. Ìkọ́ni inú kíláàsì kì í yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ohun tí ó ń yí kíákíá ni iye ìtọ́kasí àti ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

4.0 Ohun Tí Àtẹ Kò Kà
Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ sọ ẹ̀kọ́ ní èdè abínibí jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ìlànà, ó sì fagi lé e ní 2025. Bí ọ̀rọ̀ náà kò tí ì tán nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 55 fi bí iṣẹ́ yìí ṣe jinlẹ̀ tó hàn. Síbẹ̀, ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a fi Yorùbá kọ kò ní àyè nínú àtẹ kankan.

Àpẹẹrẹ kejì súnmọ́ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú gan-an. Akínwùmí Ìṣọ̀lá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó kọ eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn ni eré náà dá lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama kà á, àwọn òṣèré gbé e sórí ìtàgé, ó sì di ohun tí àwọn ará ìlú ń jiyàn lé lórí. Ìwé yìí mú yunifásítì wọ inú agboolé ju bí ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò kà ṣe lè ṣe é lọ. Máàkì tí àtẹ fún un kò sí.

5.0 Àríwísí Tí Ó Dojú Kọ Èrò Yìí
Ẹnìkan lè sọ pé ẹni tí àtẹ kò gbè ni ó máa ń bú àtẹ. Òdodo díẹ̀ wà nínú èyí. Àtẹ ti mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa pa àkọsílẹ̀ mọ́, ó sì jẹ́ kí òbí ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí àhesọ. Bí yàrá àyẹ̀wò bá ṣófo tí jọ́nà kò sì wọlé, èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ di ìbòjú fún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àtẹ kò yẹ ní jíjù nù, ṣùgbọ́n ó yẹ ní bíbi léèrè ọ̀rọ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí ilé-ẹ̀kọ́ máa lépa orúkọ dípò iṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin di yunifásítì ẹ̀kọ́ ní 2005, ti Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́ sì di bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ìgbéga ni, ó sì tọ́ kí a yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì tuntun bá tìtorí ìtọ́kasí pa iṣẹ́ ìkọ́ni àti jọ́nà elédè Yorùbá tì, àtẹ yóò gbè é, kíláàsì yóò sì gbófo.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Ìbéèrè mẹ́rin ni lámèyítọ́ fi ń wo oríkì, àwọn náà sì tó olùkọ́ lò lórí àtẹ: ta ni ó ń wọ̀n? Kí ni ó ń wọ̀n? Kí ni ó fi sílẹ̀? Ta ni ó jàǹfààní rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn wọn yóò yan ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ àti àwọn tí yóò kọ́ ọ, kò ní yàn án nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn létí. Ẹni tí ó bá sì bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kò ní ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ̀. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, á yó. Àtẹ lè sọ ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí jù. Ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ní a, b, d ni gbogbo àtẹ yòókù ti bẹ̀rẹ̀.