Ohun Tí Fáìlì Ológun Kò Kọ: Isaac Fadoyebo àti Ogun Bọ́má

Ẹni tó bá ń wá àkọsílẹ̀ bàbá rẹ̀ àgbà tó jagun ní Bọ́má, ibi orúkọ ni yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Akọ̀wé ológun a máa fi orúkọ ìlú dípò orúkọ ìdílé. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe di “Ibadan” tàbí “Ilorin” nínú ìwé.

Ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, yàtọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ní ọmọ ọdún 16. Ní 1944, ìbọn àwọn ará Japan bà á ní àfonífojì Kaladan; àgbẹ̀ kan, Shuyiman, àti ìdílé rẹ̀ ni wọ́n fi òun àti David Kargbo, ará Sierra Leone, pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Fáìlì lè kọ nọ́ńbà, ẹ̀ka àti ọgbẹ́. Kì í kọ ẹni tó bu oúnjẹ fún jagunjagun. A Stroke of Unbelievable Luck (1999) kọ ọ́. Ìtàn yìí ni Barnaby Phillips mú dání dé Bọ́má ní 2011 tí ó fi rí ìdílé Shuyiman. Nítorí náà, n kò fara mọ́ ọn pé àfikún lásán ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ lára fáìlì. Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. A kò gbọ́ ti àwọn tó ń retí rẹ̀ nílé.

Ní Ọ̀jọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọjá lẹ́nu bárékè lójoojúmọ́. Dífíṣọ̀n 81 ti Èkó sì ń jẹ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ ogun Fadoyebo gan-an. Kí wọ́n tó máa wá fáìlì kiri, kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé wọn ní Ìbà tàbí Okokomaiko: ìlú wo ni bàbá ti wọṣẹ́, orúkọ wo sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é?