Ojú Nìkan Kọ́ Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ti gba òwe yìí gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọ̀ pupa ni wọ́n fi ń ṣe àmì àṣìṣe, àwòrán kékeré ni wọ́n fi ń dípò àṣẹ, máòsì ni a sì fi ń ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ fi wọn irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò: bí a bá mú ojú kúrò, kí ni ó kù fún etí?

Ní Accra, olú-ìlú Gánà, ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Google ṣí ibùdó ìwádìí kan síbẹ̀ ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú náà sì ń fi kíkọ ètò jẹun. Ní Akropong, lórí òkè Akuapem tí kò jìnnà sí Accra, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti wà láti ọdún 1945. Ọmọ tí ó jáde níbẹ̀ lè dé Accra kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Ohun tí ó le ni kí ó wọ inú iṣẹ́ tí ń bẹ ní Accra.

Kì í ṣe pé afọ́jú kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ní Ọsirélíà ní ọdún 2006, Michael Curran, tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Èdè Python ni a fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, JAWS tí ó ṣáájú rẹ̀, owó gidi ni a fi ń rà á, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Accra tàbí ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ètò akàwé kò lè ka ohun tí irinṣẹ́ kò sọ fún un. Bí a bá ya àwòrán bọ́tìnnì kan tí a kò fún un lórúkọ, “bọ́tìnnì” lásán ni afọ́jú yóò gbọ́, bí ẹni tí a sọ fún pé ènìyàn kan ń pè é, tí a kò sọ ẹni tí ń pè é.

Kí a mú Python wò. Nínú èdè yìí, àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni ó ń fi hàn pé ìlà kan wà lábẹ́ òmíràn. Bí àlàfo bá yẹ̀, ètò bàjẹ́. Ojú ń rí àlàfo, etí kì í gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Python pátápátá, nítorí NVDA lè sọ iye àlàfo náà, tàbí kí ó fi dídún kan hàn án, tí ń yí padà bí àlàfo ti ń pọ̀ sí i. Visual Studio Code, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2015, yẹ fún ìyìn bákan náà. Bọ́tìnnì kan níbẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ sí ibi àṣìṣe tí ó kàn, dídún kan sì lè kéde pé ìlà tí a dé ní àṣìṣe. Àwọ̀ pupa ti rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ẹ̀sùn ti wúwo. Scratch, tí MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọdé ní kíkọ ètò. Àwọn búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ ni ọmọ ń fi máòsì wọ́, tí ó ń tò wọ́n lé ara wọn. Ó mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn ọmọ tí ó ríran. Ẹni tí ó bá sẹ́ èyí kò ṣe òdodo. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó jáde, ètò akàwé kò rí nǹkan gidi kà nínú àwọn búlọ́ọ̀kù náà. Bí ọ̀ràn ti rí nìyí: irinṣẹ́ àgbà ṣílẹ̀kùn fún afọ́jú, irinṣẹ́ ọmọdé tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ta ni yóò di àgbà láì kọ́kọ́ ṣe ọmọdé?

A kò sì lè wí pé dandan ni, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èdè Quorum, tí Andreas Stefik ṣe ní Amẹ́ríkà, gba afọ́jú àti aríran. Code Jumper, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Microsoft, ń lo àwọn ohun oníke tí ọmọ ń fi ọwọ́ so pọ̀, tí orin tàbí ìtàn sì ń jáde láti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Òfin 715 ti Gánà, ti ọdún 2006, fún àwọn onílé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 10 láti tún un ṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọ̀ ọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fúnni ní ọdún 5. Àtẹ̀gùn ilé rọrùn láti rí. Àtẹ̀gùn inú irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í hàn sí ẹni tí ó ti gùn ún kọjá.

Nítorí náà ọwọ́ olùkọ́ ni ìdájọ́ wà, ìbáà ṣe ní Akropong tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú Pacelli ní Èkó. Kí ó tó mú irinṣẹ́ wọ kíláàsì, kí ó yọ máòsì, kí ó pa iná ojú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tan NVDA. Kí ó kọ ìlà 3, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kan nínú wọn, kí ó sì fi etí wá a rí. Irinṣẹ́ tí kò bá yege nínú ìdánwò yìí kò tíì parí, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.