Lẹ́tà Kíkà àti Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ìwé tí ó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ fún eré Scrabble, onílẹ́tà méjì lọ́tọ̀, onílẹ́tà márùn-ún lọ́tọ̀, wúlò gidigidi. Eré yìí ni Wellington Jighere ti di aṣíwájú àgbáyé ní Perth ní 2015. Ṣùgbọ́n ìtòjọ bẹ́ẹ̀ kò bá Yorùbá mu. Ìfọ́n tí ó múlé ti Ìlobùú, lẹ́tà mẹ́rin ni lójú, sílébù méjì péré ni létí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka lẹ́tà nínú ìdánwò yóò kùnà. Bí a bá sì yọ àmì ohùn, igba, igbá, ìgbà àti igbà di ọ̀kan náà. Ẹnà sàn jù: ọmọ tí ó sọ ‘mo fẹ́ lọ’ di ‘mogo fẹ́gẹ́ lọgọ’ ti gé sílébù mẹ́ta láìṣìnà.