Òkè Etna nínú Ewì Pindar

Ní ọdún 470 ṣáájú ìbí Kristi, Pindar, akéwì ilẹ̀ Gíríìkì, kọ ewì kan láti fi yin Hieron, ẹni tí ń jọba ní Syracuse ní erékùṣù Sísílì, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ borí nínú eré ìje ní Delphi. Nínú ewì náà ni ó ti sọ pé abẹ́ òkè Etna ni a de Typhon mọ́, abàmì ẹ̀dá ọlọ́gọ́rùn-ún orí tí ó bá Zeus, ọba àwọn òrìṣà, jagun, àti pé òun ni ó ń tú iná jáde láti inú òkè náà. Àwọn mìíràn láyé àtijọ́ gbà pé ilé àgbẹ̀dẹ Hephaestus, òrìṣà iná, ni ó wà níbẹ̀.

Kí olùkọ́ má ṣe fi ojú àlọ́ lásán wo ìtàn yìí. Akéwì náà ní èéfín ni òkè náà ń rú lọ́sàn-án, pé lóru, iná pupa a máa yí àpáta lọ sínú òkun tariwo-tariwo. Ẹni tí ó bá mọ Etna yóò jẹ́rìí sí i. Ní ọdún 1669, àpáta yíyọ́ ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ òkè náà títí dé òkun ní Catania.

Okùnfà rẹ̀ ni Pindar kò mọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù ń ti ara wọn díẹ̀díẹ̀ ní agbègbè náà, àpáta yíyọ́ sì ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gòkè wá láti nǹkan bí 500,000 ọdún sẹ́yìn. Òun ni ó mọ òkè náà ga ju mítà 3,300 lọ.

Ṣùgbọ́n àléébù ewì náà kò sí lọ́dọ̀ Typhon. Ọ̀dọ̀ ọba ni ó wà. Ní nǹkan bí ọdún 476 ṣáájú ìbí Kristi, Hieron lé àwọn ará Catania kúrò nílé baba wọn lọ sí Leontini, ó kó àwọn àlejò síbẹ̀, ó sì sọ ìlú náà ní Etna. Pindar yìn ín gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ìlú, kò sì mẹ́nu kan àwọn tí a lé. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: iná òkè náà di ọ̀ṣọ́ fún ọba. Lẹ́yìn ikú Hieron, ní ọdún 461, àwọn onílé padà, wọ́n sì dá orúkọ àtijọ́ padà fún ìlú wọn.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń ka ewì yìí fún ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ dúró lórí ẹwà ọ̀rọ̀ nìkan. Kí ó jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí akéwì rí dáadáa, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn ènìyàn tí kò sí nínú ewì náà.